Bí Ọjọ́ Ìsinmi Bá Bá Ọ ní Chiang Mai

Ọmọ mi, bí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ bá gbé ọ dé Chiang Mai ní ilẹ̀ Thailand, má fi ọjọ́ ìsinmi sùn. Wọ bàtà tó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí o jáde kí oòrùn tó mú. Inú ìlú àtijọ́ tí Ọba Mangrai tẹ̀ dó ní 1296 ni kí o rìn. Igun mẹ́rin ló ní, yàrà olómi yí i ká, kò rọrùn láti ṣìnà níbẹ̀. Gba ẹnubodè Tha Phae wọlé.

Jọ̀wọ́, má sáré kọjá ní tẹ́ńpìlì Wat Chedi Luang. Ilẹ̀ tó mì tìtì ní 1545 ló wó orí ilé gogoro oníbíríkì tó wà níbẹ̀, ojú ibi tó ti ya kò sì pa rẹ́ títí dòní. Yí i ká, wo àwọn ère erin tó wà lára rẹ̀. Bo èjìká àti orúnkún, bọ́ bàtà kí o tó wọ gbọ̀ngàn ìjọsìn, má sì na ẹsẹ̀ sí ère Buddha.

Bí ebi bá dé, jẹ khao soi: núdù nínú ọbẹ̀ kọ́rì oníwàrà àgbọn, pẹ̀lú núdù díndín lórí. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, dúró di ìrọ̀lẹ́. Wọn a ti òpópónà Ratchadamnoen mọ́ ọkọ̀, ọjà a sì gbà á kan. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni kí o fi nájà níbẹ̀.