Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Agbaninímọ̀ràn: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ohun Tó Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí àwọn tí í gba ènìyàn nímọ̀ràn, àti àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìkan. Bí gbèsè bá wọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, ta ni í lọ bá? Ṣebí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ni. Ta wá ni ń gbé àgbà náà ró?

Ẹ jẹ́ ká wo Harare, olú ìlú Zimbabwe. Ní 2005, aláìsàn kan tí Dókítà Dixon Chibanda ń tọ́jú kò rí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Dókítà rí i pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn ènìyàn ládùúgbò. Ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Mbare. Orí bẹ́ǹṣì onígi ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀.

Àwọn ìyá náà kò kàwé dókítà. Ká ní ohun tí wọn kò mọ̀ nìkan ni ọ̀gá wọn ń kà sí wọn lọ́rùn, iṣẹ́ náà ì bá ti tú ká. Ohun tí wọ́n ní ló lò: wọ́n ní sùúrù, wọ́n mọ àdúgbò, aráyé sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Bẹ́ǹṣì Ìlera Ọpọlọ ni orúkọ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá ní kò sẹ́ni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ó gbà, ó sì di Bẹ́ǹṣì Ọ̀rẹ́. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2016, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 573, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bíi 14 nínú 100 àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn; láàárín àwọn yòókù, ó tó bíi 50.

Báwo la ṣe lè ṣe é?

1. Ẹ bèèrè ohun tó lọ dáadáa ṣáájú: "Kí lẹ ṣe tí ẹni náà fi padà wá?"

2. Ẹ sọ ọ́ ní pàtó. "Ẹ káre" kò tó. Ẹ wí pé: "Ẹ kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi sọ tán."

3. Ẹ fi agbára yẹn tún ibi tó kù ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ìbéèrè líle ń bà, ẹ ní kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà bèèrè bóyá ẹni náà ń ronú àtipa ara rẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ń bú lójoojúmọ́ a máa fi ẹjọ́ tó le pamọ́ fún ọ̀gá. Ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìkẹ́kẹ̀ẹ́bàjẹ́ o. Bó bá tú àṣírí ẹni, ẹ bá a wí láìfi bọpo bọyọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan pàtó tí agbaninímọ̀ràn wọn mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n sì sọ ọ́ lójú rẹ̀.