Ìtọ́jú Ọ̀sà àti Ẹja Inú Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí jẹ mọ́ ọ̀sà Èkó, àti àwọn tí ń tukọ̀ tí wọ́n sì ń pẹja lórí rẹ̀. Odò Ògùn ń gbé omi tí kò níyọ̀ wá sínú ọ̀sà náà, omi òkun sì ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Níbi tí omi méjèèjì yìí ti pàdé ni ọmọ edé àti ọmọ ẹja púpọ̀ ti ń dàgbà kí wọ́n tó padà sínú òkun. Nítorí náà, ẹni tí ó ba ọ̀sà jẹ́, ẹja ọ̀la ni ó pa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbàjẹ́ náà ń gbà wọlé.

Èkíní ni àwọ̀n. Òwú tí í jẹrà ni àwọn bàbá wa fi ń hun àwọ̀n. Náílọ̀n ni ti òní, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí ó bá sọnù, yóò máa mú ẹja nìṣó nísàlẹ̀ omi, ẹja náà yóò sì kú lásán. Kí apẹja so àmì mọ́ àwọ̀n rẹ̀, kí ó sì kó èyí tí ó gbó wá sí èbúté. Kí ojú àwọ̀n má ṣe kéré jù, kí ó má baà kó ẹja tí kò tí ì yé ẹyin rí. Ní ti oògùn olóró àti ohun abúgbàù, òfin ẹja pípa ní òkun tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1992 kà wọ́n léèwọ̀.

Èkejì ni epo. Nínú ẹ́ńjìnì tí a ń po òróró mọ́ bẹntiróò fún, apá kan a máa jáde sínú omi láìjóná. Kí awakọ̀ má ṣe po òróró kọjá ìwọ̀n. Bí epo bá dà sínú ọkọ̀, kí ó fi àkísà fà á kí ó tó gbọ́n omi dànù.

Ẹ̀kẹta ni igi ẹ̀gbà etí omi. Ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí àárín gbòǹgbò rẹ̀, gbòǹgbò náà sì ń di ilẹ̀ mú kí omi má baà wọ́ ọ lọ. Ẹni tí ń gé e láti fi yan ẹja ń wó ilé ẹja. Kí awakọ̀ pẹ̀lú dẹ eré létí bèbè, nítorí ìgbì ọkọ̀ a máa jẹ ilẹ̀.

Apẹja kan lè wí pé, “Bí mo bá fi ọmọ ẹja sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò kó o.” Òótọ́ ni. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ apẹja èbúté kọ̀ọ̀kan jùmọ̀ fẹnu kò lórí ìwọ̀n ojú àwọ̀n, kí gbogbo wọn sì pa á mọ́.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́:
1. Èéṣe tí ohun tí a ṣe nínú ọ̀sà fi kan ẹja òkun?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀n òwú àti àwọ̀n náílọ̀n tí ó sọnù?
3. Ohun wo ni ẹnìkan kò lè dá ṣe nínú ọ̀ràn yìí?