Ẹ̀kọ́ 12: Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀

Lónìí, a ó kà nípa ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ó dà bí àká: oúnjẹ tí ara kò bá lò tán, ẹ̀dọ̀ a máa sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ọ̀rá. Bí ènìyàn bá sanra jù, ọ̀rá lè kún inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ, àìsàn ti dé.

A máa ń yin ẹni tó sanra pé ó rí jẹ. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ lè le gbagidi, tàbí kí ó di jẹjẹrẹ.

Epo wo ni kí á jẹ? Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Uppsala, ní Sweden, sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n fi àkàrà òyìnbó kún oúnjẹ ọ̀dọ́ 39 fún ọ̀sẹ̀ 7. Epo ọ̀pẹ wà nínú ti àwọn kan, epo sunflower wà nínú ti àwọn yòókù. Wọ́n sanra bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tó jẹ epo ọ̀pẹ ló pọ̀ jù.

Ṣé kí á da epo pupa nù? Rárá. Ó ní ohun tí ń ṣe ojú lóore. Ẹ bù ú níwọ̀n, ẹ má sì dín in títí yóò fi funfun. Epo ẹ̀pà kò ní ọ̀rá líle tó o.

Bí ọkọ́ ṣe ń dógùn-ún nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀fọ́, tòmátì, ata àti ìbẹ́pẹ ní ohun tí ń dáàbò bo ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í fọ àjẹjù dànù.

Ẹ ṣe báyìí:
Ẹ se iṣu ju kí ẹ dín in lọ.
Ẹ dín ṣúgà inú gàrí kù.
Ẹ yẹra fún sódàbì.
Ẹ má ra àgbo ẹ̀dọ̀ kiri. Òmíràn a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.
Ẹni tó sanra jù, tó wọn kìlò 100, bí ó bá rọra dín kìlò 7 sí 10 kù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè sàn.

Ìbéèrè
1. Ìhà wo ni ẹ̀dọ̀ wà?
2. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ dúró de ìrora?
3. Ìyá kan sanra jù, ó wọn kìlò 90. Kìlò mélòó ni ìdá 10 nínú 100 rẹ̀?