Owó Alágbàṣe Kì í Ṣe Sàráà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú kan níbí ní Emùré-Èkìtì, ọ̀kan nínú yín bi mí pé: “Bàbá, kí ló kan Póòpù nínú owó iṣẹ́? Ṣebí ọ̀rọ̀ ọkàn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì?” Mo ní kó jẹ́ kí n lọ jẹ iyán mi ná. Mo ti jẹ ẹ́ tán. Mo ṣe olùkọ́ ìjọ, mo sì dáko kòkó. Iṣẹ́ méjèèjì ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Méje ni mo pín in sí.

1. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè wá ní Ìjọ Àgùdà? Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n sì padà wálé sí Èkó. Kí àwọn fadá tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868, ẹnì kan tó ti bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà. Àwọn tó mọ bí iṣẹ́ àṣelàágùn láìgba kọ́bọ̀ ṣe ń rí ló gbé ìjọ yìí wọ Èkó.

Ní oṣù Karùn-ún 1888, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ìwé In Plurimis sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Brazil, ó bẹnu àtẹ́ lu ìfinisẹ́rú. Oṣù yẹn gan-an ni òfin Brazil tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1891, Póòpù yìí kan náà kọ Rerum Novarum nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù. Àwọn yẹn kì í ṣe ẹrú, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà kò bọ́ wọn. Òun nìkan kọ́ ló rí i. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Ketteler ti ń wàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Mainz, ní Jámánì, láti 1848, Kádínà Manning sì ti bá àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Lọ́ńdọ̀nù parí ìjà owó iṣẹ́ wọn ní 1889. Ṣùgbọ́n ìwé 1891 yìí ni orísun tí gbogbo ẹ̀kọ́ ìjọ lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ ti ń ṣàn.

2. Ẹ san owó alágbàṣe pé, kí ẹ sì san án lásìkò.

Ẹ mọ àwọn ọmọkùnrin tí ń ti Benue tàbí Tógò wá bá wa ṣe oko kòkó láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ìparí ọdún ni wọ́n ń gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí a ra ọ̀kadà fún wọn. Mo gba ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan tí kòkó kò so. Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, mo pè é, mo ní kó gba ìdajì owó, mo sì fi àpò ìrẹsì kan àti aṣọ kan lé e. Ọmọ yìí kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tirẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ gbà. Nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni fadá bi mí: “Owó ta ni?” Mo ta ewúrẹ́, mo yáwó kún un, mo san ìyókù kí ọdún tuntun tó wọlé.

Leo ti sọ ọ́ tipẹ́: owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó òṣìṣẹ́ tí kì í ná ìnákúnàá gbọ́ bùkátà. Bí ebi bá mú un gba ohun tí kò tó, gbígbà tó gbà á kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ẹ má sọ pé “ṣebí òun náà gbà.”

3. Ẹ má dá nìkan wà.

Rerum Novarum ní ẹ̀tọ́ àbínibí ni kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àáró àti ọ̀wẹ̀ la fi ń kọ́lé, la fi ń roko; èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fi rán yín níléèwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkéré, ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ ní Ìsẹ̀, ẹ wọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa bi akápò léèrè owó.

4. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká.

Ní 1931, Póòpù Pius Kọkànlá kọ Quadragesimo Anno. Ó ní ohun tí àwùjọ kékeré bá lè ṣe fúnra rẹ̀, kí ti ńlá má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tí olórí ẹbí lè parí kì í dé ààfin Elémùré. Àmọ́ ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀nà oko tí àgbàrá ti gbẹ́ ju ti olórí ẹbí lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mú ìdájọ́ yẹn lọ́wọ́, kí ẹ lọ bi káńsẹ́lọ̀ yín nípa ọ̀nà oko.

5. Ẹ bèèrè ẹni tó ń dá iye lé kòkó.

Kádínà Montini wá sí Nàìjíríà ní 1962, ọdún tó ṣáájú èyí tó di Póòpù Paul Kẹfà. Nígbà tó kọ Populorum Progressio ní 1967, ó mẹ́nu ba ìrìnàjò rẹ̀ sí Áfíríkà. Ó ní iye ohun tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ń ṣe ń gòkè, iye irè oko ti àwọn tálákà sì ń lọ sókè sódò. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn lójú ẹni tó ti wọn kòkó rí. Ó tún ní ẹni tó ní ohun ìní kò ní in fún ara rẹ̀ nìkan nígbà tí ẹlòmíràn kò rí jẹ. Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀ ẹbí tán nítorí mọ́tò. Àwọn tí a kò tíì bí ní ìpín níbẹ̀.

6. Ẹ má da Gàmálíìnì sódò.

Oògùn tí a ń fín sí kòkó láyé àtijọ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀ ẹja. Ẹni tó fi pa ẹja lónìí ti pa ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ́la. Póòpù Francis kọ Laudato Si’ ní 2015 pé kí a gbọ́ igbe ilẹ̀ àti igbe tálákà pọ̀.

7. Ẹ má ta ìbò yín.

Níbí ní Èkìtì, nígbà ìbò gómìnà 2018, gbogbo ayé gbọ́ “dìbò kó o sebẹ̀.” JDPC, ẹ̀ka ìjọ tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo, a máa rán èèyàn lọ ṣọ́ ibùdó ìdìbò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ ọwọ́ tirẹ? Ẹni tó jẹ olùkọ́ lówó oṣù, tó sì wá pín owó ọbẹ̀, ohun tí mo ṣe fún lébìrà mi ló ń ṣe fún ọ. Má kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, Póòpù tuntun mú orúkọ Leo Kẹrìnlá. Ó ní nítorí Leo ti 1891 ni, nítorí ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn ti ń dé bá iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ayé ń yí, ìbéèrè fadá mi kò yí: owó ta ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi, oṣù Kejìlá kò jìnnà mọ́. Ẹni tó bá bá yín ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí, ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó pa adìyẹ Kérésìmesì.