Ẹ̀KỌ́ WA: Oníṣòwò Tó Ti Ìsọ̀ Rẹ̀ Pa Lọ Tún Ilẹ̀ Ṣe

 

Àwa tí à ń ta ẹ̀wà àti àlùbọ́sà, èébú tí à ń jẹ lọ́wọ́ oníbàárà kì í ṣe kékeré. Bí owó kóńgò bá ti fò sókè báyìí, wọ́n á ní àwa la fi kún un, wọ́n á ní a ò lójú àánú. Lóòótọ́, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó epo wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà sọ: ilẹ̀ tí ẹ̀wà náà ti ń hù ti ń rẹ̀. Òun ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ bá a kà á.

Ìpínlẹ̀ 11 ni ìjọba kà sí ibi tí ilẹ̀ ti ń di aṣálẹ̀ ní Òkè Ọya: Sókótó, Kẹ́bí, Sámfárà, Katsina, Kánò, Jìgáwà, Bauchi, Gombe, Yobe, Bọ̀rnó àti Adamawa. Ẹ tún orúkọ wọn kà. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti ń kó ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì bọ̀?

Èmi ti rò tẹ́lẹ̀ pé yanrìn ló ń rìn bọ̀ láti Sàhárà bí omi òkun. Níbi púpọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí ilẹ̀ wà náà ló ń kú sí. Wọ́n á gé igi tó dà á bò, wọ́n á sun koríko, ẹran á jẹ èyí tó kù, wọ́n á sì máa gbin nǹkan sí i lọ́dọọdún láìjẹ́ kó sinmi. Bí òjò bá wá rọ̀ lu ilẹ̀ tó wà níhòòhò, ojú rẹ̀ á dì, á le bíi sìmẹ́ńtì. Òjò tó bá tún tẹ̀lé e kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, á kàn ṣàn lọ, á sì gbé erùpẹ̀ tó lọ́ràá dání. Bí ìgbà tí èèyàn ń da omi sórí igbá tí a dojú rẹ̀ dé ni.

Ṣé ilẹ̀ tó ti kú báyìí tún lè jí? Ẹ gbọ́ ti ọkùnrin kan.

Yacouba Sawadogo lorúkọ rẹ̀, ará abúlé Gourga, nítòsí ìlú Ouahigouya, ní àríwá ilẹ̀ Bùrùkínà Fasò. Oníṣòwò bíi tiwa ni. Ó ní ìsọ̀ lọ́jà, ohun èlò alùpùpù ló ń tà, ọjà rẹ̀ sì ń lọ. Ọ̀dá wá mú agbègbè wọn ní nǹkan bí 1980 sókè. Oko ò mú nǹkan jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn kó ẹrù wọn gba ọ̀nà Àbíjàn lọ. Yacouba ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó gbé ọkọ́. Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ èyí, torí ta ni nínú wa tó lè fi ìsọ̀ tó ń tà sílẹ̀?

Ohun tó ṣe kì í ṣe tuntun. Àwọn baba ńlá wọn ti máa ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ líle, zaï ni wọ́n ń pè é. Yacouba mú kí kòtò náà fẹ̀ sí i, kó tó abọ́ ńlá, kó sì jìn tó àtẹ́lẹwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó da ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú rẹ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ikán ló bá a ṣiṣẹ́. Ikán yìí kan náà tí à ń lé nínú ṣọ́ọ̀bù! Ó wá jẹ ìgbẹ́ àti ewé inú kòtò, ó lu abẹ́ ilẹ̀ ní ihò, òjò sì gba inú ihò náà wọlé. Ọkà bàbà àti jéró tó gbìn síbẹ̀ rí omi mu, wọ́n rí ọ̀rá jẹ. Lórí hẹ́kítà kan (nǹkan bí ẹ́kà méjì àbọ̀) tí kò lè mú nǹkan kan jáde tẹ́lẹ̀, zaï lè mú kílò 300 sí 400 wá lọ́dún tí òjò ò tó. Àpò 100 kílò mẹ́ta sí mẹ́rin nìyẹn, láti inú ilẹ̀ òkú.

Èso igi tún wà nínú ìgbẹ́ ẹran náà. Wọ́n hù, kò fà wọ́n tu. Bí ó ti ń ṣe é lọ́dọọdún, ó di igbó tó tó hẹ́kítà 40, tí irú igi inú rẹ̀ ju 60 lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti iná bọ igbó yìí nígbà kan. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ fetí sí èyí: ní 1984 ni Yacouba bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà lóko rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àgbẹ̀ láti abúlé tó ju 100 lọ ń wá síbẹ̀, wọ́n ń mú irúgbìn wá, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, kò fi ọgbọ́n ọjà sílẹ̀. Wọ́n fún un lẹ́bùn Right Livelihood ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà yẹ́ ẹ sí ní 2020. Ó kú ní December 2023. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìlú ń fẹ̀, wọ́n gé lára ilẹ̀ igbó yẹn fún ilé kíkọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní ọ̀nà mìíràn tó tún rọrùn ju kòtò lọ. Ní agbègbè Maradi ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, lókè Katsina, wọ́n ń gbin igi, igi ń kú. Ní 1983, òyìnbó Ọsirélíà kan, Tony Rinaudo, ṣàkíyèsí pé àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní pàǹtírí igbó nínú oko, kùkùté igi tó ń rú ni. Gbòǹgbò ò kú! Àwọn àgbẹ̀ wá ń ṣa ẹ̀ka díẹ̀ tó dára sílẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gé ìyókù dáná, wọn ò sì jẹ́ kí ẹran jẹ èyí tí wọ́n dá sí. Ó ti tàn dé nǹkan bí mílíọ̀nù hẹ́kítà márùn-ún ní Nìjẹ̀r.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Tiwa ò tíì di aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣakí tàbí Kíṣì ti rí àpò èédú lẹ́bàá títì. Lára igi tí wọ́n ń sun ni igi emi, ìyẹn igi òrí. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí igi yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí so. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gé e. Ẹni tó ń ta òrí àti ẹni tó ń ta èédú, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, ìsọ̀ wọn lè kọjú síra wọn. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta èédú mọ́ o. Èédú lèmi náà fi ń dáná, gáàsì sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n a lè bi ẹni tó ń kó o wá fún wa pé: igi wo lẹ sun? Ṣé ẹ dá igi òrí sí? Ṣé ẹ fi kùkùté sílẹ̀, àbí ẹ hú u? Owó wa ló ń gbà, yóò dá wa lóhùn. Màá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí àwọn olórí àti àwọn elédùú jókòó sọ ọ́. Kí àwọn olórí, ìyẹn àwọn tó ń ta òrí, sọ iye tí wọ́n ń rà á báyìí, kí gbogbo wa gbọ́.