Ẹ Má Fi Ìwé Ìbéèrè Dẹ Pàkúté fún Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń pín ìwé ìbéèrè láti mọ ojú tí òṣìṣẹ́ yín fi ń wo ẹni tí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìlera rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ìwé yẹn lè ba ayé ẹni tó bá fòótọ́ inú dáhùn jẹ́.

Ẹ óò kọ ọ́ sókè ìwé pé ẹnikẹ́ni kò ní í mọ ẹni tó dáhùn. Nísàlẹ̀, ẹ óò béèrè ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tó ti wá, ẹ̀ka iṣẹ́ àti iye ọdún tó ti lò. Bí obìnrin kan bá jẹ́ ará Benue kan ṣoṣo ní ẹ̀ka ìṣirò owó, kí ló kù tí kò tíì sọ? Bó bá kọ ọ́ pé ọ̀gá òun ń fi ẹ̀yà òun ṣe yẹ̀yẹ́, tí èsì sì dé ọwọ́ ọ̀gá náà, ta ni yóò gbà á?

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, wọ́n yọ orúkọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó kó o fún àwọn olùwádìí. Ní nǹkan bí ọdún 1997, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Latanya Sweeney fi ìwé orúkọ àwọn olùdìbò wé e. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ló fi rí àkọsílẹ̀ Gómìnà William Weld fúnra rẹ̀. Bí gómìnà kò bá rí ibi sá sí, akọ̀wé kékeré ńkọ́?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí àṣírí ẹnì kan bá tú, àwọn yòókù á máa kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ óò wá máa yangàn pé ìrẹ́pọ̀ wà níbi tí ìkórìíra ti ń jẹrà.

Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Nítorí náà, ẹ má béèrè ohun tí ẹ kò ní í lò. Ẹ má gbé èsì ẹ̀ka tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ jáde lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá kankan rí ohun tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kọ.

Ìwọ òṣìṣẹ́, kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò kà á. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè pa àṣírí mọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀.