Kí Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Wà Lẹ́bàá Ilẹ̀kùn

Ìyàwó wa, o ní ilé lo fẹ́ bí ọmọ inú rẹ yìí sí. N kò ní bú ọ. Mo ti wà ní ìlú Benin láti ìgbà tí UBTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní Ugbowo, tí wọ́n ṣí ní 1973, ṣì jẹ́ tuntun. Mo mọ ohun tó ń lé aboyún kúrò ní ilé ìwòsàn: owó, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé, ìjókòó àtàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó ra ohunkóhun, gbọ́ tèmi.

1. Kì í ṣe gbogbo oyún ni ilé yẹ. Bí ìbejì bá wà níkùn, bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ jáde rí, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ga, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù nígbà tí o bí ti ìṣáájú, tàbí bí ọmọ bá fi ìdí sísàlẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Àkọ́bí náà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ fún un. Bó o bá sì ń bí nílé, forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí o sì wá agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí.

2. Yàrá tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà àti omi ni kí o mú. Fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Amọ̀ pupa Benin yìí kì í dúró síta, nítorí náà bàtà gbogbo ẹni tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ra rọ́bà tuntun, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí o sì fi aṣọ tí o fọ̀ tí o lọ̀ bò ó. Pa fáànù kí ọmọ má baà gbọ̀n.

3. Ọ̀rọ̀ abẹ ni mo fẹ́ dúró lé. Lóru ọjọ́ kan nítòsí ọjà New Benin, òjò ń rọ̀, iná ti lọ. Ọmọ ti jáde, agbẹ̀bí ń bèèrè abẹ, a ń tú àpótí. Ẹnì kan mú abẹ tí bàbá ilé fi ń fá irùngbọ̀n wá. Mo gbé e sún mọ́ fìtílà: ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀ ní kíkún, irun funfun kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo jù ú nù. A nu ọmọ gbẹ, a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́ lára, a bò wọ́n, a sì rán ọmọkùnrin kan lọ kan ilẹ̀kùn oníkẹ́míìsì. Ìwọ́ lè dúró; tẹ́tánọ́ọ̀sì inú ìdọ̀tí kì í dárí ji ọmọ tuntun. Nítorí náà ra abẹ méjì tí a kò tíì ṣí bébà wọn, torí ọ̀kan lè bọ́ sílẹ̀. Ra ìdè ìwọ́ tó mọ́, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, páàdì, fìlà ọmọ, àti aṣọ mẹ́rin, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì méjì tí bátìrì wọn jẹ́ tuntun. Kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan láti oṣù keje oyún.

4. Fún ìwọ́ ọmọ, béèrè jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Fi pa orí ìwọ́ àti ìdí rẹ̀ nìkan. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú! Àwọn ènìyàn ti ṣì í mú bí oògùn ojú, ojú ọmọ sì ti bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ní Nàìjíríà yìí náà. Má fi ìgbẹ́ màlúù, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i, bí ó ti wù kí ẹni tó ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ dàgbà tó.

5. Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa abiyamọ jù. Láti 2006 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí oògùn misoprostol fún ìdádúró rẹ̀. Hóró mẹ́ta oníwọ̀n 200 microgram ni agbẹ̀bí yóò fún ọ, lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde tó sì dá a lójú pé kò sí ìkejì nínú. Kí ọmọ tó jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ọ. Má sì yọ ọ́ kúrò nínú bébà rẹ̀, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́.

6. Ibi ọmọ, kí agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé kí bàbá ọmọ tó sin ín. Bí kò bá jáde ní 30 ìṣẹ́jú, bí páàdì méjì bá rin gbingbin láàrin wákàtí kan, bí gìrì bá mú ọ, bí ọmọ kò bá sunkún lẹ́yìn tí a nù ún tí a fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ìyá ìyàwó.

7. Wá ènìyàn méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tìrẹ mu kí oṣù tó pé. Fi owó sílẹ̀ lọ́tọ̀. Mọ ọ̀nà méjì sí ilé ìwòsàn, torí bí òjò bá rọ̀, omi máa ń di àwọn òpópónà kan ní Benin pátápátá. Bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó mọ ilé rẹ lóru. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tiyín, ẹ gbé e kọjú sí géètì láti ìrọ̀lẹ́, kí epo wà nínú rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá tí o bá fẹ́ bímọ sí.